Àgbo Tó Ń Fa Ikùn Wọlé: Òótọ́ àbí Irọ́?

“Ẹ mu ún fún ọjọ́ méje péré, ikùn á wọlé. Ewé àti egbò lásán ni, kò ní kẹ́míkà nínú, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan.” Kò sí ẹni tó ń gbé Ìpọ̀nrí ní Èkó, tàbí tó ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá alágbo ń sọ ọ́ nídìí igbá rẹ̀ lẹ́bàá ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dìde nínú dánfó láàárín Òjúẹlẹ́gba sí Costain ń sọ ọ́, á ní ẹni tó bá ra páálí méjì á gba ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ta tíì lórí Instagram náà ń sọ ọ́, tiwọn tilẹ̀ ní àwòrán: obìnrin kan lápá òsì tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, obìnrin náà lápá ọ̀tún tí ikùn ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìlérí méjì ló wà nínú ìpolówó yìí. Èkíní ni pé ohun tí wọ́n ń tà ń mú kí ọ̀rá ara jò. Èkejì ni pé, nítorí pé ewé ni, kò léwu. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ méjèèjì wò.

N kì í ṣe ọ̀tá ewé. Ẹni tó bá sọ pé ewé kò lágbára kò mọ ìtàn oògùn. Ara èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kuníìnì tó ń wo ibà. Ní 2015, wọ́n fún Tu Youyou, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ní ẹ̀bùn Nobel nítorí artemisinin, oògùn ibà tó yọ láti inú ewé kan tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ṣe. Ó yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé náà, ó dán an wò lára ẹranko, òun fúnra rẹ̀ gbé e mì kí wọ́n tó fún aláìsàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ka iye àwọn tó yè. Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn ikùn náà nìyẹn: ta ló dán an wò, lára èèyàn mélòó, fún ìgbà wo, kí sì ni wọ́n rí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́, torí pé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kàn jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún wa. Bí ẹ bá yí páálí tíì ikùn sẹ́yìn, tí ẹ wo ibi tí wọ́n to ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, ẹ ó rí senna lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹbí senna kò jìnnà sí wa. Àsunwọ̀n tí àwọn eléwé ọmọ ń tà ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin wà nínú ẹbí yẹn, ó sì ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń fi ṣunú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò fara sin: ó ń ta ìfun ńlá jí kí ó máa sún kì, kì í sì í jẹ́ kí ìfun fa omi padà sínú ara bó ṣe yẹ. Ẹni tó mu ún lálẹ́ á ti sáré dé ilé ìyàgbẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba agbára oúnjẹ. Kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, níbi tí senna ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀bà ti di ṣúgà ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá ẹran dídín náà ti wọlé sára. Èyí tó kù fún àgbo láti lé jáde ni omi àti pàǹtí. Ní 1983, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn láìsí iyèméjì. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní oògùn ìṣunú títí ìgbẹ́ olómi tó jáde lára wọn fi tó lítà mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n wá wọn iye agbára oúnjẹ tó bá a lọ. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, bí ìdá 12 nínú 100 péré ni agbára oúnjẹ tí ara wọn kò rí gbà. Ìyókù ti wọlé kí àgbo tó dé.

Ibo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù, torí pé ọ̀pọ̀ dókítà pàápàá ló ti ṣì í dáhùn. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown, ará Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà, tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Bí ara bá jó kílò 10 ọ̀rá tán, kílò 8.4 nínú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí à ń mí síta, kílò 1.6 tó kù á di omi. Imú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ń gbà jáde. Ọ̀rá ikùn kò tilẹ̀ sí nínú ìfun rárá: abẹ́ awọ ló wà, àti láàárín àwọn ẹ̀yà inú. Ẹni tó ń fi àgbo fọ ìfun kí ọ̀rá lè lọ dà bí ẹni tó ń gbá ojúde tó ń retí kí yàrá mọ́.

“Àmọ́ mo gun òṣùwọ̀n, kílò méjì ti lọ!” Mo gbà yín gbọ́. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan gééré. Ẹni tó ṣunú títí ilẹ̀ fi mọ́ lè pàdánù lítà kan tàbí méjì, òṣùwọ̀n á sì sọ bẹ́ẹ̀, torí pé òṣùwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àti ọ̀rá. Bí onítọ̀hún bá ti mu omi tó jẹun tán lọ́jọ́ kejì, kílò náà á padà wá. Àwọn alágbo ní àlàyé fún èyí pẹ̀lú: wọ́n á ní o dá a dúró ni, wá ra ìgò mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lórí fóònù rẹ̀. Kílò kan ọ̀rá ara ní agbára tó tó kálórì 7,700. Ká ní àgbàlagbà kan ń lo kálórì 2,000 lóòjọ́. Bí kò bá fi nǹkan kan kan ẹnu fún odidi ọjọ́ méje, kálórì 14,000 ni ara rẹ̀ á lò. Ẹ pín in. Ọ̀rá tó máa jò kò ní tó kílò méjì. Ẹni tó fi ẹnu gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn o! Báwo wá ni ẹni tó ń jẹ iyán lọ́sàn-án, tó ń mu tíì lálẹ́, ṣe fẹ́ pàdánù kílò mẹ́wàá ọ̀rá láàárín ọjọ́ méje kan náà? Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí òǹtàjà bá ní ewé òun ju ìṣirò lọ, kó mú ẹ̀rí wá.

Ẹ tún fi oògùn tó ti yege wé e. Ní 2021, èsì ìwádìí ńlá kan jáde lórí semaglutide, abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Wegovy tàbí Ozempic. Àwọn 1,961 èèyàn ló kópa nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 68. Tí a bá pín in dọ́gba, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà pàdánù ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn. Àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní nǹkan kan nínú pàdánù ìdá 2.4. Èyí ni pé ẹni tó wọn kílò 100 dé nǹkan bíi 85, ó sì gbà á ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ọ̀kan lára oògùn tó lágbára jù lọ tí ìmọ̀ ìṣègùn ní fún iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ń ṣèlérí ìlọ́po rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì ní ìwádìí kan ṣoṣo lẹ́yìn, ẹ bi í léèrè.

Síbẹ̀, n kò ní pe ẹni tó gbà á gbọ́ ní òmùgọ̀, torí pé ìdí gidi wà tó fi gbà á gbọ́. Inú ìlú tí wọ́n ti ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni a bí wa sí. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wa pé ṣúgà àti oúnjẹ àjẹjù ń kó ìdọ̀tí jọ síkùn, pé ó yẹ ká máa fọ inú lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá ti gba èyí gbọ́ kò ní ṣòro fún un láti gbà pé ọ̀rá náà jẹ́ ìdọ̀tí tí a lè fọ̀. Lẹ́yìn náà, ara máa ń fúyẹ́ lóòótọ́. Ẹni tí kò yàgbẹ́ dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta, tó wá ṣunú, ikùn rẹ̀ á rọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ṣòkòtò tí kò ṣeé dè tẹ́lẹ̀ á ṣeé dè. Ojú rẹ̀ ló fi rí i. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tó bá ná owó gidi lórí oògùn ikùn sábà máa ń yí nǹkan mìíràn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Á dín ẹ̀bà alẹ́ kù, á fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, á máa rìn láti ilé dé ibùdókọ̀ dípò kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bí ó bá jò lẹ́yìn oṣù méjì, ta ló ṣiṣẹ́? Àgbo ni yóò gba ọpẹ́. Àwọn tí kò jò ńkọ́? Wọ́n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé àwòrán ikùn tí kò yí padà sórí Instagram. Nítorí náà, ẹ̀rí tó ń dé etí wa kì í ṣe ẹ̀rí gbogbo àwọn tó mu ún, àwọn tó láyọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà sì ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún ẹni tó ń wá ìwòsàn, kó má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n lẹ́nu òǹtàjà, ó ti di ààbò: bí ó bá jẹ́, oògùn ló jẹ́, bí kò bá jẹ́, ẹ kò mu ún pé, tàbí ewé kan ló kù. Ọ̀rọ̀ tí kò sí bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ tí yóò fi jẹ́ irọ́, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Àwọn ewé àti kóró kan wà tí wọ́n dán wò, kò sì ní dára ká fò wọ́n. Méjì nínú wọn wà nítòsí ilé ìdáná wa. Àpọ̀n ni àkọ́kọ́, kóró tí à ń lọ̀ láti fi se ọbẹ̀ yíyọ̀, tí àwọn Ìgbò ń pè ní ọgbọnọ. Ní òkè òkun, wọ́n ń fa èròjà inú rẹ̀ yọ, wọ́n ń rọ ọ́ sínú kápúsù, wọ́n ń pè é ní African mango, wọ́n sì ń tà á ní owó gọbọi fún àwọn tó fẹ́ jò. Kámẹ́rúùnù ni ìwádìí tí wọ́n gbé ara lé ti wá. Nínú ọ̀kan tó jáde ní 2009, wọ́n fún èèyàn 102 ní àpọ̀n tàbí oògùn asán tí kò ní nǹkan kan nínú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n sì kéde pé àwọn tó lo àpọ̀n pàdánù ju kílò 12 lọ. Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé tí wọ́n ti ń jẹ ọbẹ̀ àpọ̀n ni wọn ì bá ti tẹ́ẹ́rẹ́! Ní 2013, Igho Onakpoya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ìwádìí tó wà lórí àpọ̀n jọ. Mẹ́ta péré ni wọ́n rí tó bá ìlànà mu, wọ́n sì rí àbùkù nínú bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n àti bí wọ́n ṣe kọ wọ́n sílẹ̀. Ìdájọ́ wọn ni pé ẹ̀rí náà kò tó láti fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa lo àpọ̀n fún jíjò. Ẹ máa fi iyán jẹ ọbẹ̀ àpọ̀n yín o, oúnjẹ gidi ni. Oògùn ikùn ni kì í ṣe.

Èkejì ni ẹbí orógbó. Orógbó tiwa ni Garcinia kola. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà, Garcinia cambogia, tí orúkọ rẹ̀ kún ara ìgò oògùn ikùn káàkiri ayé. Ní 1998, ìwé ìròyìn JAMA gbé ìwádìí jáde nípa èèyàn 135 tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba Garcinia, apá kejì gba oògùn asán, gbogbo wọn sì jọ ń jẹ irú oúnjẹ kan náà fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tó lo Garcinia pàdánù kílò 3.2. Àwọn tó lo oògùn asán pàdánù kílò 4.1. Oúnjẹ tí wọ́n dín kù ló ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Láti ìgbà yẹn, àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àwọn èèyàn tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo àwọn oògùn tó ní Garcinia ti Íńdíà yìí nínú.

Lórí ìlérí kìíní, ìdájọ́ mi ni irọ́. Kò sí ewé kan tí wọ́n ti fi ìwádìí tó múná hàn pé ó ń yọ ọ̀rá ikùn kúrò láàárín ọjọ́ méje, tàbí oṣù méje pàápàá, bí ìpolówó ṣe ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan á sọ pé: “Èmi mọ ẹni tó lo kápúsù ewé kan, oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́ rárá, ó sì jò kíákíá.” Òótọ́ lè ni. Irú rẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ sibutramine. Oògùn òyìnbó ni, kì í ṣe ewé, ó sì ń pa ìfẹ́ oúnjẹ lóòótọ́. Wọ́n tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ìwádìí kan tí èèyàn tó ju 10,000 lọ kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé ó ń fi kún ewu ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fún àwọn tí ọkàn wọn ti ní àrùn tẹ́lẹ̀. Ní 2010, wọ́n kó o kúrò lórí igbá ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Ibo ló lọ? Ó wọ inú “ewé.” Láàárín 2007 sí 2016, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde àwọn oògùn àfikún 776 tí wọ́n bá oògùn òyìnbó nínú wọn láìsọ ọ́ lára páálí. Àwọn 317 nínú wọn jẹ́ oògùn jíjò, sibutramine sì wà nínú 269. Ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ wọn ni pé ewé àti egbò ni, kò sí àbùlà.

Nítorí náà, bí tíì tàbí kápúsù “ewé” bá pa ebi mọ́ yín nínú láàárín ọjọ́ méjì, tí ọkàn yín ń lù kìkì, tí oorun kò kùn yín, ẹ má yọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fura jù. Ọjà yìí kò sì mọ ààlà: íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń tà á fún ará New York náà ni wọ́n fi ń tà á fún ará Ìpọ̀nrí.

Ká tiẹ̀ ní kò sí ẹni tó bu nǹkan là á, ká ní ewé lásán ni, ṣé ó wá bọ́ nínú ewu? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù. Láàárín 1990 sí 1992, ilé ìtọ́jú kan tí àwọn obìnrin ń lọ láti jò bẹ̀rẹ̀ sí í fi egbò ilẹ̀ Ṣáínà kún oògùn tó ń fún wọn. Kò pẹ́, àwọn obìnrin tí kò tíì darúgbó, tí kò ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú kíndìnrín tó ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1993, Jean-Louis Vanherweghem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet. Nígbà tí wọ́n máa kà wọ́n tán, wọ́n ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ló fà á? Egbò kan ni wọ́n ṣì mú dípò òmíràn, torí pé orúkọ wọn jọra ní èdè Ṣáínà. Aristolochia ni èyí tí wọ́n ṣì mú, ó sì ní májèlé nínú tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní 2000, wọ́n jábọ̀ nípa àwọn 39 nínú àwọn aláìsàn náà tí wọ́n yọ kíndìnrín àti òpó ìtọ̀ wọn tó ti kú kúrò: wọ́n bá jẹjẹrẹ lára 18 nínú wọn. Aristolochia kì í ṣe kẹ́míkà ilé iṣẹ́. Egbò ni. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wú u.

Ní ìlú tí òfin oògùn ti múlẹ̀, lọ́wọ́ àwọn dókítà tó ní ìwé ẹ̀rí, ni egbò ti rọ́pò egbò yìí. Mo ń rò ó nígbàkúùgbà tí mo bá rí bàsíà àgbo tí ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà ti pò mọ́ra nínú rẹ̀ tí a kò lè dá ọ̀kankan mọ̀. Ìṣìmú yìí kò sì dópin. Ní 2023, àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà jábọ̀ nípa oògùn jíjò mẹ́wàá tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ sí i lára pé egbò tejocote ti Mẹ́síkò ni. Mẹ́sàn-án nínú wọn kì í ṣe tejocote. Thevetia ni, igi olódòdó yẹ́lò tí a máa ń gbìn ṣe ọgbà yí ilé ká ní Èkó níbí, tí àwọn kan ń pè ní olómi-òjò. Májèlé ọkàn ni. Àwọn òbí wa kì í jẹ́ ká fi ọwọ́ kan èso rẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní 2006, àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n rà lọ́jà. Dora Akunyili, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, nígbà náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń wá ni àwọn irin olóró bí òjé. Wọ́n rí irú irin bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú gbogbo oògùn tí wọ́n yẹ̀ wò, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Kì í ṣe dandan kí alágbo jẹ́ ìkà kí èyí tó ṣẹlẹ̀: irin lè ti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti wú egbò wá, ó lè ti ara ìkòkò tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ wá. Ẹni tó ń mu ún ló máa gbé e sára.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń na ìka: “Tiwa ní nọ́ńbà NAFDAC o!” Ó dáa. Nọ́ńbà sàn ju àìní nọ́ńbà lọ, ẹ máa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbogbo ohun tó wà lára páálí náà. Ọ̀pọ̀ oògùn ewé ní lẹ́tà L ní ìparí nọ́ńbà wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé NAFDAC kàn tò ó sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára irú oògùn bẹ́ẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Ìyẹn ni pé ìjọba gan-an ń sọ fún yín, lẹ́tà wínníwínní, pé òun kò jẹ́rìí sí ìlérí ikùn wíwọlé. Ẹ̀gbẹ́ páálí ni wọ́n sábà ń fi gbólóhùn náà sí, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wà níwájú pẹ̀lú àwòrán obìnrin onígbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Senna tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà ńkọ́? Bí ẹ bá lò ó fún ìgbà díẹ̀ nítorí àìrígbẹ́yà, oògùn tó dára ni. Àwọn ilé ìwòsàn náà ń lò ó. Ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni pé ẹ má lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tíì ikùn ní tirẹ̀ ń sọ pé ẹ mu ún lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò dáwọ́ dúró ń kó potassium jáde lára, potassium sì ni ọkàn fi ń lù déédéé. Ó burú jù fún ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ náà ń kó potassium jáde. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, ìgbẹ́ gbuuru tó le lè gbé e jáde kí ara tó gbà á. Àwọn kan ti lóyún lọ́nà yìí, tí wọ́n sì ń mu tíì náà lọ láìmọ̀.

Lórí ìlérí kejì, pé ewé ni, nítorí náà kò léwu: irọ́ ni èyí pẹ̀lú, òun ló sì burú jù nínú méjèèjì. Ewé tó lágbára tó láti wo èèyàn lágbára tó láti ṣe èèyàn lọ́ṣẹ́. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ tó mọṣẹ́ mọ èyí dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi ń wọn oògùn nìyẹn, tí wọ́n fi ń béèrè bóyá obìnrin lóyún, tí wọ́n fi ń sọ pé kí èèyàn má mu ún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń pariwo nínú dánfó kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan.

Bí sísanra bá ń dà yín láàmú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ó ń fa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ní ìtọ́jú. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìpọ̀nrí. Bí ẹ bá ti ń mu oògùn ikùn lọ́wọ́, ẹ dá a dúró. Bí ẹyinjú yín bá di yẹ́lò bí àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa, tí ìtọ̀ dúdú tàbí tí kò jáde tó ti tẹ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ wú, tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé ìgò tàbí páálí náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti mu fún dókítà, àgbo inú ìkòkò náà pẹ̀lú.